Kọ̀ǹpútà Tó Ń Kú, Tó Ń Jí

Dókítà kò fún mi ní ọjọ́ àbọ̀ mọ́. Ó kàn fọwọ́ kàn mí léjìká, ó lọ. Ó yé mi. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí a jọ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ẹ sún mọ́ ibùsùn yìí. Ẹnu tí mo fi parọ́ ni mo fẹ́ fi sọ òótọ́ kí ó tó pa dé.

Gbogbo yín mọ ọkùnrin tí à ń pè ní Ó-dá-mi-lójú. Kì í sọ̀rọ̀ kí ó má fi "ó dá mi lójú" kádìí rẹ̀. A jọ ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan nígbà tí ara ṣì le. Ẹrù sọnù ní yàrá ìkẹ́rùsí. Ó ní òun rí mi tí mo gbé e jáde, ó ní ó dá òun lójú. Ẹ̀yìn ẹni kan ló rí, kò rí ojú. Wọ́n lé mi. Ìyá yín bá mi pín nínú ìtìjú yẹn títí ó fi kú. Nígbà tí wọ́n mú olè gan-an, mo lọ bá a pé kí ó wá sọ fún ọ̀gá pé òun ṣì mí mú. Ó rẹ́rìn-ín. "Bí kì í bá ṣe ìwọ," ó ní, "ẹni tó jọ ọ́ ni. Ṣé èmi ni mo ní kí o jọ olè?"

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Kò dà nínú mi.

Ọdún gorí ọdún. Èmi di alátùn-únṣe kọ̀ǹpútà. Òun fẹ̀yìn tì, ó ń fi kọ̀ǹpútà alágbèéká kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò láti ilé rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Bọ́tìnnì kan ti yọ lára rẹ̀. "Àgbà oníṣẹ́," ó ní, "wọ́n ní ọwọ́ rẹ dá. A ò kúkú jà."

A ò kúkú jà! Mo ní kí ó padà wá bó dọ̀la.

Mo tún bọ́tìnnì náà ṣe. Lẹ́yìn náà mo gé fóòmù dúdú pẹlẹbẹ kan, mo fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, níbi ihò tí fáànù ti ń fa afẹ́fẹ́, ó jókòó síbẹ̀ bí ẹni pé iléeṣẹ́ tó ṣe é ló fi í síbẹ̀. Bí ó bá ṣiṣẹ́ díẹ̀, kò sí nǹkan. Bí ó bá pẹ́ lórí rẹ̀, ooru á mú un, á kú, á tún fúnra rẹ̀ jí.

Ẹ̀yin oníṣẹ́, ẹ mọ̀ pé a máa ń ṣí ìdérí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí a tó dán ẹ̀rọ wò. Bí ìdérí bá kúrò, fóòmù bá a kúrò nìyẹn, afẹ́fẹ́ á máa wọlé, iṣẹ́ á máa lọ geere. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn: kí ó máa rí i, kí ẹnikẹ́ni má gbà á gbọ́. Èmi náà sọ òótọ́ rí. Ta ló gbà mí gbọ́?

Kò pẹ́ tó fi padà. "Ẹ̀rọ yìí ń kú, ó ń jí. Ó dá mi lójú!" Mo ṣí i. Mo pààrọ̀ bátìrì. Mo pààrọ̀ ṣájà. Mo pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́, mo tún un tò. Àṣehàn ni gbogbo rẹ̀. Ó jókòó tì mí, ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ bí ológbò tó ń ṣọ́ eku. Ẹ̀rọ kò ṣẹ́jú. Aránṣọ kan tó gbé tirẹ̀ wá ní, "Bàbá, àbí ẹ̀yin lẹ máa ń sùn lọ, tí ẹ tún máa ń jí?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ mìíràn. Ìyẹn náà ṣí ìdérí kí ó tó dán an wò, ó ní kò sí nǹkan.

N kò ní parọ́ lórí ibùsùn yìí: ó dùn mọ́ mi.

Ẹ̀rọ ń kú láàárín ẹ̀kọ́, òun ń gbàgbé ibi tó dé. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ní ọ̀sán kan ìyàwó rẹ̀ nìkan wá bá mi. Kò jókòó. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tàn mí. Ẹ̀rọ ni, àbí ọkọ mi ni?"

Obìnrin yìí kò ṣẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo jẹ ẹ́. Mo ní, "Ẹ̀rọ kò ní nǹkan kan, ìyàwó wa. Ẹ tọ́jú ọkọ yín." Ó fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú, ó lọ. Mo padà sídìí iṣẹ́ mi, mo ń súfèé. Ìkà ni mí.

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ tún wá; ọmọ rẹ̀ àgbà ló fà á lọ́wọ́. Ó ti rù. "Má bínú," ó ní, "mo ti dà ọ́ láàmú. Mo rò pé ó ń kú ni. Kò dá mi lójú mọ́. Bóyá nígbà yẹn náà, níbi iṣẹ́, bóyá ojú mi ló ṣì mí."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú nìyẹn. Ìdérí wà lọ́wọ́ mi. Èékánná lásán ni ǹ bá fi ká fóòmù náà kúrò. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Ọjọ́ ogbó ló dé." Mo dé e padà, mo dè é le.

Wọ́n gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n mú un lọ sílé ọmọ rẹ̀, tòun ti ẹ̀rọ náà, wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Mo lọ wò ó kí àìsàn tó dá mi dùbúlẹ̀. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń fi ṣíbí bọ́ ọ: "Ẹ lanu, bàbá rere." Ọkùnrin náà wò mí pẹ́, ó wá bi obìnrin náà léèrè pé, "Ṣé ẹnì kan jókòó síbẹ̀ yẹn lóòótọ́?"

Mo dìde. Mo bá ẹnu ọ̀nà jáde láìjẹ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì lágbára, bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ yín, ẹ bá a jà ní gbangba. Ẹ bú u. Ẹ gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ẹ má gba ojú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé mo ti dárí jì í? Ẹ má bi mí. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sílé ọmọ rẹ̀ lónìí, ẹ tú ìdérí ẹ̀rọ náà níwájú gbogbo wọn. Ẹ má tíì bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé ohun tó ní òun rí, ó rí i. Kí ìyàwó rẹ̀ sì gbọ́.