Ẹ̀bi Tí Mo Gbé Ka Torbjørg Lórí

Èmi Gaute yìí ni mo fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí ìdí bàálù kan tó fi fò láti Tromsø dé Bergen láìtan ẹ́ńjìnnì. Ẹ bi àwọn ẹyẹ òkun. Ṣùgbọ́n irú irọ́ yẹn kì í ṣẹ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀ ni mo fẹ́ tú síta lónìí, tìbínú-tìbínú sì ni, ara mi ni mo sì ń bínú sí jù.

Ní pápá bàálù tí ẹgbẹ́ wa ti ń kọ́ fífò, ẹni tó bá dá nìkan fò fún ìgbà àkọ́kọ́, omi tútù la ó dà lé e lórí tó bá sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó kan Oddvar, oníbúrẹ́dì wa tó tóbi bí àká, mo ní garawa kò lè tó o. Mo rọ omi kún kẹ́ẹ̀gì tí a fi ń gbé bẹntiróòlù, mo gun òrùlé, mo sì dà á lé e lọ́rùn láti òkè, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Ó ké bí igba ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ̀rín pa wá kú, wọ́n sin wá, a tún jí dìde rẹ́rìn-ín. Omi ṣẹ́ kù nínú kẹ́ẹ̀gì náà. Èmi ọ̀bọ, mo gbé e padà sáàárín àwọn tó kún fún epo.

Lọ́jọ́ kejì, Torbjørg, tó kọ́ gbogbo wa ní fífò, rò pé epo ló wà nínú rẹ̀, ó dà á sí táńkì bàálù kékeré, ó sì gbé e fò. Bàálù náà kò tíì ga ju igi lọ tí ẹ́ńjìnnì fi kú. Oko ọ̀dùnkún ló já sí, itan Torbjørg sì ṣẹ́.

Obìnrin olùwádìí kan dé láti Oslo, ó sì bá omi nínú táńkì náà. Torbjørg ní òun fa epo díẹ̀ sínú ife láti ìsàlẹ̀ táńkì kí òun tó fò, láti wò ó bóyá omi wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, pé ó mọ́ gaara, kò sí omi kankan tó dúró sábẹ́ epo. Òótọ́ ló sọ. Bẹntiróòlù wa kò láwọ̀, omi lásán ló sì kún ife rẹ̀. Kí ni yóò dúró sábẹ́ kí ni? Ṣùgbọ́n àwọn ará ẹgbẹ́ wa ti dájọ́ nídìí kọfí: awakọ̀ ló jẹ̀bi. Ẹni tó wà ní ọsibítù kò kúkú sí níbẹ̀ láti fèsì. Oníranù ni wọ́n, èmi sì ni ọ̀gá wọn. Mo wo ojú olùwádìí, mo ní, “Mo wà níbẹ̀. Kò fa nǹkan kan wò. Ó kàn wọlé ni.” Kí iná jó ẹnu yìí. Wọ́n fẹ́ gba ìwé àṣẹ fífò Torbjørg títí láé.

Mo gbé àkàrà òyìnbó lọ kí i ní ọsibítù. Òun fúnra rẹ̀ ti ń gbà pé òun jẹ̀bi. “Gaute, bóyá mi ò fà á wò lóòótọ́. Tí ìwọ bá ní o rí i bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé orí mi ti ń dàrú.” Èmi ni mo jẹ àkàrà náà tán lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé ìkẹyìn, olùwádìí bi wá bí omi ṣe dénú epo. Mo ní òjò ni, irú èyí tó ń rọ̀ láti ilẹ̀ lọ sókè. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Oddvar kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé kọfí rẹ̀ kalẹ̀.

“Aláwàdà, omi tí o dà lé mi lọ́jọ́sí, bẹntiróòlù ló ń rùn. Ìyàwó mi fọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn títí, ó sú u. Inú kí lo rọ ọ́ sí?”

Torbjørg gbára lé ọ̀pá rẹ̀, ó dìde. “Dá a lóhùn, Gaute.”

Torbjørg, o fà á wò. Ojú mi ló rí ọ. Dárí jì mí. Ohun tó yẹ kí n sọ nìyẹn. Ojú fèrèsé ni mo gbà jáde, mo sì sá, wọ́n ń pe orúkọ mi lẹ́yìn, n kò bojú wẹ̀yìn.