Ìwé Nóòtù Rùkáyà

Ọlọ́run tí kì í jẹ́ kí ojú ti ẹni tó bá jẹ́wọ́, ìwọ ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjọ́sìn. Tíṣà máàsì ni mí níbí l'Ẹ́dẹ, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Ẹ sì mọ̀ pé ẹnu mi mú.

Lọ́dún tó kọjá, mo fún àwọn ọmọ SS3 ní tẹ́ẹ̀sì. Ìdánwò àṣekágbá ti ń bọ̀, ẹni tí kò bá sì yege máàsì kò lè wọ pọlí. Fọ́múlà kan ni, V = IR. Mo ní kí wọ́n yí i padà kí R dá dúró. Ó yẹ kí wọ́n fi I pín V, àmọ́ ó lé ní ìdajì kíláàsì tó yọ I kúrò lára V. Inú bí mi gidi. Ìwé Rùkáyà ló wà lókè nínú ìwé àwọn tó ṣì í. Mo pè é síwájú bọ́ọ̀dù, mo ní olódo ni, mo ní kó lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ kejì, a ò rí i mọ́.

Mo wá gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta pé kí Olúwa lé ẹ̀mí ìfàsẹ́yìn kúrò lórí àwọn ọmọ náà. Tọkàntọkàn ni mo fi gbàdúrà yẹn o.

Ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ ni ìyá Rùkáyà wá bá mi ní sítáàfù rúùmù. Mùsùlùmí ni wọ́n, láti agbo ilé kan nínú ìlú. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn ṣí ìwé nóòtù ọmọ wọn síwájú mi, wọ́n ní, “Tíṣà, èmi ò mọ̀wé. Ẹ bá mi wò ó, ṣé kì í ṣe ohun tí ẹ kọ́ ọ nìyí?”

Ọ̀rọ̀ mi gan-an ni. Ó tiẹ̀ fi rúlà fàlà sábẹ́ rẹ̀: ohunkóhun tó bá sọdá afárá, kó yí àmì rẹ̀ padà. Àmì ìdọ́gba la máa ń pè ní afárá fún wọn. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn. Tó bá jẹ́ àròpọ̀, òótọ́ ni. Tó bá jẹ́ ìsọdipúpọ̀, bíi ti I àti R yẹn, irọ́ ni, mi ò sì ṣàlàyé ìyẹn fún wọn rí. Ọmọ náà gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, mo wá torí ìgbọràn dójú tì í. Omijé bọ́ lójú mi níwájú obìnrin yẹn.

Ìgbéraga ní kí n rọra tún nóòtù ṣe, kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Mo gbé e síwájú Ọlọ́run, ọkàn mi ò balẹ̀. Nígbà tó di Sátidé, mo gun ọ̀kadà lọ sílé wọn. Rùkáyà ti ń kọ́ṣẹ́ irun lóòótọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ bẹ bàbá àti ìyá rẹ̀, mo wá kọjú sí i. Mo ní, “Rùkáyà, èmi ni mo ṣì ọ́ kọ́. Má bínú.”

Ní Mọ́ńdè, mo tún un sọ níwájú kíláàsì. Mo fọ́ afárá yẹn, mo ní ohun tí wọ́n bá ṣe sí V, kí wọ́n ṣe é sí IR náà. Rùkáyà wà níjókòó lọ́jọ́ náà.

Èsì ìdánwò ti jáde, ó yege nínú máàsì. Ìyá rẹ̀ ló pè mí lórí fóònù, wọ́n ń ṣàdúà fún mi, èmi tí mo dójú ti ọmọ wọn.

Ẹ bá mi fògo fún Ọlọ́run tó gbà mí lọ́wọ́ ara mi. Ẹ bá mi yọ̀. Ẹ̀yin tí ọmọ yín sì ti jókòó ní kíláàsì mi rí, tí mo bú u, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì máa lọ lẹ́yìn ìsìn. Mo fẹ́ rí ọmọ náà, kí n bẹ̀ ẹ́.