Ẹ Pe Fàdákà Lórúkọ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí ó dá ẹni tí ń fọhùn, tí ó sì dá ẹni tí kò lè fọhùn. Ẹ̀yin ìyá wa lẹ́yìn, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ará ilé wa tí kì í ṣe Mùsùlùmí, wáàsí tòní kò pọ̀: ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ ní ẹ̀tọ́ lọ́rùn yín. Ẹ má wọn òkú rẹ̀ wò kí ẹ tó kí i.

Ahunṣọ kan wà ní Ìsẹ́yìn, Bàbá Ṣítù. Ẹ mọ bí òfì ti rí: òwú á nà lọ gbọọrọ níwájú ahunṣọ, òkúta ńlá á sì di ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́hùn-ún. Bí aṣọ bá ṣe ń gùn, òkúta á máa wọ́ bọ̀. Orí òkúta yìí ni Fàdákà, ológbò bàbá, máa ń sùn sí. Láàárọ̀, ó wà lọ́hùn-ún. Kí ìrun Alásárì tó tó, ó ti gúnlẹ̀ síwájú bàbá. Ọdún mọ́kànlá ni ó fi gun òkúta yẹn wá bá a.

Fàdákà kú lọ́jọ́ Àlàmísì. Bàbá sin ín sẹ́yìn àgọ́ tí wọ́n ti ń hunṣọ, ó jókòó sídìí òfì, ó sunkún. Àwọn obìnrin àdúgbò gbọ́ pé Fàdákà kú, wọn kò mọ̀ pé orúkọ ológbò ni, wọ́n rò pé ìyàwó ọmọ bàbá ni. Wọ́n wé gèlè, wọ́n gbé ẹ̀kọ gbígbóná dání. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n wọlé ni Lásísì, ahunṣọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pariwo:

“Ẹ̀yin ìyá, ta lẹ fẹ́ kí? Ológbò mà ni!”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ẹ̀kọ padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀kọ tó ti dé ẹnu ọ̀nà ọlọ́fọ̀, ta ni a tún fẹ́ gbé e fún?

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Lásísì tún dé.

“Lèmọ́mù, ẹ bá wa dá ọjọ́ àdúrà fídáù ológbò o. Ọjọ́ kẹta ni, àbí ọjọ́ kẹjọ?”

Mọ́ṣáláṣí mì fún ẹ̀rín. Bàbá Ṣítù mọ̀ pé bí òun kò bá fèsì, òun kò ní lè wá síbẹ̀ mọ́. Ó dìde.

“N ò ní kí ẹ kírun sí ológbò lára. Òun ti lọ. Èmi tí mo ṣẹ́kù ni kí ẹ kí. Omijé mi kò sì ní sá fún ẹnikẹ́ni.”

Lèmọ́mù ní, “Ànábì wa rí ọmọdé tí ẹyẹ rẹ̀ kú, ó béèrè ọ̀rọ̀ ẹyẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀ láti bá a kẹ́dùn. Lásísì, ṣé o ga ju Ànábì lọ ni?”

Lọ́jọ́ kẹta, Lásísì dé àgọ́. Bàbá ti ń hun.

“Bàbá, ẹ kú àdánù.”

Bàbá kò gbójú sókè. “Àdánù kí ni?”

“Ti… ti ìjẹta.”

“Ó lórúkọ.”

Gbogbo ahunṣọ dáwọ́ dúró, wọ́n ń wò ó. Lásísì ṣí fìlà.

“Ẹ kú àdánù Fàdákà, bàbá mi. Ọlọ́hun á tù yín nínú.”

“Àmín.” Bàbá sún fún un lórí àga. “Jókòó. Jẹ́ kí n sọ fún ọ bí ó ti máa ń gun òkúta yẹn bọ̀.”

Ìwọ tí ajá rẹ kú, ìwọ tí ẹyẹ rẹ kú, sunkún rẹ, má bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ẹ̀kọ padà, ó kù sọ́wọ́ yín. Ẹ tún gbé e lọ. Ọlọ́hun Ọba, fi wá mọ̀nà. Má jẹ́ kí ẹnu wa pa ẹni tí ikú fi sílẹ̀. Àmín.