Ẹ̀dà Alámì Tí Mo Fi Pa Mọ́

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ Fèrèsé, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Òtítọ́ ti fẹ́ jáde, n kò sì lè dì í mú mọ́. Láti ìgbà tí mo ti dé láti Mẹ́kà ni ẹ ti ń pè mí ní Àlàájì, orúkọ náà sì ń yún mi lára bíi wèrèpè. Ní Àráfà, nígbà tí gbogbo èèyàn gbé ọwọ́ sókè tí wọ́n ń sunkún, mọ́ín-mọ́ín ni èmi Dáúdà ń rántí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ Fèrèsé, búráúsà wa yìí, nínú yàrá òkè ṣọ́ọ̀bù ní Rye Lane, ohun tí a ń wá kò ju pé kí èèyàn ṣí ìwé Yorùbá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àmì ohùn sì jókòó sórí lẹ́tà tó ni ín. A pín iṣẹ́. Èmi ń bójú tó ara Fèrèsé: ibi tí a ń kọ àdírẹ́sì sí, bọ́tìnnì, gbogbo ohun tí ọwọ́ ń tẹ̀. Yusrah ń bójú tó ẹ́ńjìnnì, èyí tó ń ya ojú ewé síwájú ẹni tó ń kà á. Kóòdù kan ṣoṣo ni àwa méjèèjì jọ ń lò, Alámì ni a ń pè é, òun ló ń wọn ibi tí àmì yóò bọ́ sí. Òfin Aunty Àsúmáù, olórí wa, kò ṣòro: Alámì kan ṣoṣo ni kó wà, ẹni tó bá sì fẹ́ fọwọ́ kàn án, kó kọ́kọ́ sọ fún ẹnìkejì. Òfin kejì ló dùn mọ́ yín jù: bí a bá kó kóòdù wa pọ̀, tí build, ìyẹn àkójọ náà, bá jáde ní pupa pé ó ti bàjẹ́, ẹni tó fà á ni yóò gbé mọ́ín-mọ́ín wá lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹ mọ̀ pé n kò gbé mọ́ín-mọ́ín wá rí. Odindi ọdún mẹ́ta! Mo fi ń ṣe fáàrí káàkiri Sydenham. Ní oṣù kejì ọdún yìí, Yusrah kọ̀wé sí mi pé, "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ update Alámì on Tuesday. Ẹ bá mi check side tiyín." Mo ní mo ti gbọ́, n kò sì wo nǹkan kan. Nígbà tí ọjọ́ pé, kóòdù mi kọ̀, kò bá Alámì tuntun ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta ni àtúnṣe yóò gbà, pupa náà yóò sì jẹ́ lórúkọ mi. Ẹ má jẹ́ kí n di ẹ̀bi ru ṣàyìtánì, èmi nìkan ni mo wà nídìí kọ̀ǹpútà. Mo ṣe ẹ̀dà Alámì àtijọ́, mo yí orúkọ rẹ̀ padà, mo tì í sínú fódà tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí.

Jìmí tó ń yẹ iṣẹ́ mi wò rí i. Ó ní, "Uncle Dáúdà, two Alámì nínú build kan? That's mad, you know." Mo ní, "Fọwọ́ sí i jàre, next week ni mo máa yọ ọ́." Ó bọ̀wọ̀ fún irun funfun mi, ó fọwọ́ sí i.

Àmọ́ télọ̀ méjì tí téèpù wọn kò bára mu kò lè rán ẹ̀wù kan kó gún. Ara Fèrèsé ń fi Alámì àtijọ́ wọn lẹ́tà, ẹ́ńjìnnì ń fi tuntun gbà á, ojú ewé sì ń kú fin-ín-fin-ín. Bó bá sì ti kú, inú ẹ́ńjìnnì ló ń kú sí, build á sì pupa, Yusrah ni gbogbo yín ń wò.

Sátidé mẹ́fà ni ọmọbìnrin yìí fi gbé kúlà mọ́ín-mọ́ín wọ bọ́ọ̀sì 177 láti Deptford. Ó ń bó ẹ̀wà, ó tún ń wá àṣìṣe tí kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi ńkọ́? Mo jẹ ẹ́. Mo tilẹ̀ bèèrè èyí tó ní ẹyin. Lọ́sẹ̀ kẹrin, mo ní, "Yusrah, ata rẹ̀ ti ń dáa sí i o." Ẹ wo ìwà ìkà!

Síbẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Ní Sátidé keje, Aunty Àsúmáù pe àwa méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ní, "Bọ̀dá Dáúdà, ṣé kò sí nǹkan kan from your side? Because tí kò bá sí, mo máa gba engine lọ́wọ́ Yusrah."

Yusrah wò mí. Ó ní, "Uncle, please. Mo ti ka every line."

Mo gbé ọwọ́ sókè, mo ní, "Wàláhì, Alámì kan ṣoṣo ló wà lọ́dọ̀ mi."

Yusrah pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, ó kí wa pé ó dàbọ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà lọ́jà, èmi gan-an ni mo wọ́ ọ.

Nígbà tí mo dé láti Mẹ́kà, mo lọ bá Álífáà wa. Wọ́n ní kí n bọ́ aláìní mẹ́wàá nítorí ìbúra èké, mo sì ti bọ́ wọn. Wọ́n ní ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ Yusrah, Yusrah nìkan ló lè fi jì mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé.

Ní àárọ̀ yìí, mo yọ ẹ̀dà náà dànù. Build ti pupa yòò, orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀, ẹ lọ wò ó. Ara mi sì fúyẹ́, kí Ọlọ́run má fìyà jẹ mí, mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ tètè jẹ́wọ́ pupa yín nígbà tó ṣì kéré. Ẹ má sì tìtorí ọ̀wọ̀ àgbà fọwọ́ sí ohun tí ojú yín rí pé kò dáa.

Yusrah, Aunty Àsúmáù ti gbà pé ẹ́ńjìnnì náà padà di tìrẹ. Mo jókòó lánàá, mo ka kóòdù rẹ láti òkè dé ilẹ̀. N kò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Dárí jì mí, ọmọ mi, kí o sì wá gba iṣẹ́ rẹ.