Òróró Ológbò Lórí Ìyá Ìjọ

Dókítà, ẹ má rẹ́rìn-ín! Mo ní kẹ́ ẹ má rẹ́rìn-ín! Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé lórí ẹranko, kí ló dé tó fi jẹ́ pé ike oògùn eégbọn yín jọ ike òróró àdúrà mi bí ìbejì? Kí lẹ fi mí ṣe yìí? Kí ni mo fi ṣe yín?

Ṣebí àná ni mo gbé ológbò mi wá síbí. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ yẹ etí ẹ̀ wò, ẹ ní eégbọn wà lára, aràn wà nínú, pé oògùn tó máa dáàbò bò ó kì í ṣe èyí tí èèyàn ń rà káàkiri, àfi kí dókítà fọwọ́ sí i. Mo ní ó dáa. Ẹ yọ ike kan ṣoṣo nínú páálí, ẹ ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ ẹranko náà, kí n jẹ́ kí ara ẹ̀ gbẹ di àárọ̀, kí n wá "kán òróró yìí sí i lẹ́yìn ọrùn, níbi tí ahọ́n ẹ̀ ò ti lè dé." Òróró! Ẹnu yín ló ti jáde! Èmi tí mo ti ń fi òróró gbàdúrà fún aláìsàn kí wọ́n tó bí yín, ẹ wá ń pe oògùn eégbọn ní òróró létí mi!

Hẹn? Ẹ ní orúkọ oògùn wà lára ike? Lẹ́tà tó rí bí ẹsẹ̀ èèrà yẹn? Ta ló ń ka òróró kó tó gbàdúrà?

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ni ìyàwó ọmọ mi sọ pé Ìyá Ìjọ, olórí gbogbo àwa obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, orí ń yún wọn, wọn ò lè sùn. Báàgì ò tíì kúrò léjìká mi tí mo fi sáré débẹ̀. Mo kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì wọn, mo dijú, mo na ọwọ́ sínú báàgì tí ike yín àti tèmi jọ wà, mo já ẹnu ike, mo dà á sí wọn láàárín orí. Gbogbo ẹ̀ o! Mi ò ṣẹ́ kù. Òórùn kan bíi ti ilé ìwòsàn gbà mí nímú, mo ní ẹ ò rí i, ìwòsàn ti ń wọlé! Ìyá Ìjọ mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ó tutù, agbára ti wọ̀ mí." Èmi òpònú, mo pariwo Halelúyà!

Láàárọ̀ yìí ni mo wá mú ike tó kù, mo kán an sí ológbò lẹ́yìn ọrùn. Òórùn ẹ̀ dé imú mi: òróró ólífì ni! Yéè! Ológbò gba ìyàsímímọ́, Ìyá Ìjọ gba oògùn eégbọn! Kórà àti Dátánì tí ilẹ̀ lanu gbé mì, mo ti máa ń káàánú wọn tẹ́lẹ̀. Láàárọ̀ yìí, mo jowú wọn.

Ẹ ń béèrè ológbò! Ológbò wà nílé, ó ń lá ara ẹ̀ bí ẹni ń lá oyin. Ta ló ń sọ tológbò?

Kí n tó mọ ibi tí mo máa forí pamọ́ sí, ìpè ti wọlé. Ìyá Ìjọ ni. Orí ò yún mọ́, wọ́n sùn bí ọmọ ọwọ́. Wọ́n ní omi ò gbọ́dọ̀ kan orí náà mọ́, pé lọ́jọ́ Ìsinmi àwọn máa jẹ́rìí, gbogbo obìnrin á sì kúnlẹ̀ kí èmi da òróró náà sí wọn lórí. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo pẹpẹ?

Ẹ dá mi lóhùn, Dókítà, tìtorí Ọlọ́run: ṣé Olúwa ló wò wọ́n, àbí oògùn yín? Ẹ ò mọ̀? Ẹ ní ohun tẹ́ ẹ mọ̀ ni pé kí wọ́n fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lónìí, pé wọn ò ṣe é fún ara èèyàn? Ó lè mú awọ orí wọn bó? Áà! Náámánì wẹ̀ kó tó sàn. Tèmi sàn tán kó tó wẹ̀!

Kí n lọ sọ fún wọn, àbí? Ṣé ẹ rò pé mi ò gbìyànjú ni? Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọdé pé irọ́ kì í gbé ilé Olúwa! Mo délé wọn, mo la ẹnu, ohun tó jáde ni pé, "Mà, ẹnì kan wà tó fẹ́ gbọ́ ẹ̀rí yín." Ẹ̀yin lẹni náà. Wọ́n wà níta yẹn, lórí bẹ́ǹṣì, ìyá tó wé ìborí funfun, tí ajá onírun gígùn kan gbé àgbọ̀n lé lẹ́sẹ̀. Wọ́n ti ń gbàdúrà fún un.

Ẹ bá mi sọ ọ́! Ẹ̀yin lẹ fún mi ní ike, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ...

Hẹn.

Hẹn, mo gbọ́. Ike tiyín, ọwọ́ tèmi. Òótọ́ ni. Ẹ bá mi wá omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ mú ọṣẹ tí kò ta wá, ẹ má sì wò mí lójú.

Mà! Ẹ máa bọ̀, mà. Ẹ jókòó síbí. Rárá, mà, ẹ má tíì jẹ́rìí. Èmi ni mo ní ẹ̀rí láti jẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ kọ́kọ́ tú ìborí yín.