Erùpẹ̀ Jos Lábẹ́ Bàtà

Nínú ọkọ̀ tó ń ti Ṣàgámù lọ sí Ìsarà ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu ìyá olóbì kan àti ọkùnrin kan tó gbé bàtà eré ìje rẹ̀ ti agbọ̀n ìyá náà.

"Ọmọ mi, gbé bàtà yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ obì mi. Kí ló dé tí o ò fọ̀ ọ́?"

"Ẹ má bínú, màmá. Bàbá mi ni kì í jẹ́ kí n fọ̀ ọ́. Dírẹ́bà ọkọ̀ obì ni wọ́n. Kò sí ìlú tí wọn ò kó obì dé lókè Ọya kí àìsàn tó dá wọn jókòó sílé. Àwọn ìlú tí wọ́n wa ọkọ̀ dé ni èmi náà ń lọ fẹsẹ̀ sáré, eré ìje ọlọ́nà jíjìn. Tí mo bá padà dé, wọn kì í wo mẹ́dàlì. Erùpẹ̀ ìdí bàtà ni wọ́n máa ń fọwọ́ pa, wọ́n á ní, 'Kano nìyí.'"

"Ibo lo ti ń bọ̀ báyìí?"

"Jos, mà."

"Wọ́n á ti máa retí ẹ nìyẹn."

"Àárọ̀ àná ni bàbá mi kú, nígbà tí mo wà lórí ìje. Kí n tó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀, àwọn ará ilé ti kírun sí wọn lára, wọ́n ti sin wọ́n. Mùsùlùmí ni wá, màmá."

A kọjá Ìpẹ̀rú. Ìyá náà gbé agbọ̀n obì rẹ̀ lé itan.

"Gbé bàtà ẹ síbí. Rọra o, kí erùpẹ̀ yẹn má gbọn dànù."