Ayò Tí A Ta Lórí Tẹlifóònù

Félicité ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn síwájú. Ohun tí èmi náà ṣe fún un ti wúwo lọ́kàn mi jù, àná ló sì bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò lè gbé mì.

Àwa méjèèjì la jọ ń so ìlà tẹlifóònù pọ̀ fún àwọn èèyàn ní Kútọnu, láyé Rẹfolúsíọ̀n, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kamaráàdì. Èmi ni ọ̀gá yàrá. Ó lọ sọ fún ìgbìmọ̀ ilé iṣẹ́ pé mò ń sín kamaráàdì ọ̀gá àgbà jẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Félicité gan-an ló máa ń rẹ́rìn-ín jù bí mo bá ń ṣe é. Wọ́n gba ipò mi, wọ́n gbé e fún un.

Nígbà tó yá, ìgbìmọ̀ ní ká bá àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifóònù ìlú Parakou ta ayò lórí tẹlifóònù. Ọpọ́n kan wà níbí, ìkan wà lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá ta ayò á pe nọ́ńbà ilé tó ti kó ọmọ ayò, wọn á sì ta á bákan náà lórí ọpọ́n kejì. Félicité ló ń gba ọ̀rọ̀ náà, òun ló ń fi tiwa ránṣẹ́.

Ayò parí. Lórí ọpọ́n tiwa, àwa la borí. Lórí tiwọn, àwọn ni.

Ọ̀gá àgbà ní, "Kamaráàdì Félicité, ṣé Parakou lò ń ṣiṣẹ́ fún ni?"

Wọ́n ní kí n máa tẹ́tí sí ìlà nígbà tí wọ́n bá tún ta òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, inú mi dùn sí i. Mo fẹ́ mọ ibi tó ti ń bàjẹ́ lóòótọ́.

Mo sì gbọ́ ọ. Parakou pe ilé kẹta. A ta á, Félicité pe tiwa padà, ìlà já. Parakou ò gbọ́ nǹkan kan. Bí ìlà ṣe padà, wọ́n tún pe ilé kẹta yẹn kan náà. Félicité rò pé wọ́n tún ta tuntun ni. Ọmọ ayò tí a ta ti bọ́ sínú ilé náà, ó tún ṣeé ta, a sì ta á lórí ọpọ́n tiwa. Láti ibẹ̀ ni ọpọ́n méjèèjì ti yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó purọ́. Kí wọ́n kàn máa ka iye ìgbà tí wọ́n ti ta mọ́ ọn, ó parí.

Síbẹ̀, mo sọ fún ìgbìmọ̀ pé, "Ìlà ò ní àbùkù."

Wọ́n gbé Félicité lọ sí Kandi, ní àríwá lọ́hùn-ún. Ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Pobè. Èmi padà sórí àga mi.

Àná, mo lọ jẹ́wọ́ fún un nílé rẹ̀ ní àdúgbò Gbégamey. Mo rò pé yóò bú mi, mo ti mú èsì dání. Kò bú mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n fi dáhùn ìbéèrè tó wá bi mí? Bí mo bá ṣàlàyé bí ìlà ṣe já, yóò rí i pé gbólóhùn kan péré ni mo fi dù ú. Ẹ̀pà ló ń bó, kò tilẹ̀ gbójú sókè tó fi sọ fún mi pé:

"Ìyá Kọ́lá, pé o purọ́, mo ti mọ̀ tipẹ́. Èyí tí mò ń rò ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà ní Kandi ni pé: níbo gan-an ni ayò yẹn ti dàrú?"